Ta ni òyìnbó nínú àwọn òbí Beyoncé?

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti máa ń dirun ní Ìbàdàn, àwòrán Beyoncé, olórin Amẹ́ríkà, wà lára ògiri. Ó ti ṣá, ìpara irun sì ti ta sí i létí. Kò sí Sátidé tí ẹnì kan ò ní gbójú sókè wò ó kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá ẹ̀ ni òyìnbó ni àbí bàbá ẹ̀?" Ẹnì kan á ní ìyá ni. Ẹlòmíràn á ní rárá o, ará Faransé ni bàbá, ṣé ẹ ò rí àmì tó wà lórí orúkọ yẹn ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ dá gbogbo wa lóhùn pé irọ́ ni, ọmọ Yorùbá ni, ọmọ Ọ̀ṣun pọ́ńbélé. Ó ní òun rí i nínú fídíò pẹ̀lú aṣọ yẹ́lò, tí omi ń ya jáde lẹ́yìn ẹ̀. Ó na kóòmù ọwọ́ ẹ̀ sí àwòrán náà bí ẹni tó ń fi ẹlẹ́rìí han adájọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀, bí mo sì ṣe ń kà ni mo ń rí i pé ìbéèrè wa gan-an ló wọ́.

Kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀: kò sí òyìnbó nínú àwọn méjèèjì. Aláwọ̀ dúdú ni Mathew Knowles, bàbá rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni Tina, ìyá rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ka bàbá àti ìyá tó bí Tina náà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apọ́nbéporẹ́ ni wọ́n. Òyìnbó wà nínú ìran náà lóòótọ́, àmọ́ láti ayé ẹrú ni wọ́n ti ń gbé àdàlù yẹn bọ̀, láti ọwọ́ òbí dé ọwọ́ ọmọ, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri wa.

Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà ni pé nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá ti pe ènìyàn ní háfúkáàsì, òbí kan funfun, òbí kan dúdú ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ẹ wo Sade Adu, olórin. Ìbàdàn yìí náà ni wọ́n ti bí i ní 1959. Ará Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ará Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé ìran Sade, gbólóhùn kan ti tó o. Ti Beyoncé ò ṣeé sọ báyìí. Ó gba pé ká lọ sí Alabama, ká kọjá sí Texas, ká sì pẹ́ díẹ̀ ní Louisiana.

Ti bàbá kò gùn. Wọ́n bí Mathew Knowles ní 1952 ní ìlú Gadsden, ní Alabama, níbi tí funfun àti dúdú kì í ti í jọ jókòó nígbà náà. Ó wà lára àwọn ọmọ dúdú tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ilé ìwé àwọn òyìnbó ní ìlú náà. Ní 2018, ó sọ nǹkan kan fún ìwé ìròyìn Ebony tí ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe kà á. Ó ní ìyá òun kìlọ̀ fún òun láti kékeré pé kí òun má mú ọmọbìnrin tó dúdú tí irun rẹ̀ sì le wálé. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ rí Tina, òun rò pé òyìnbó ni, ẹ̀yìn náà ni òun tó mọ̀ pé kì í ṣe òyìnbó. Àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ obìnrin náà ti kọ́kọ́ ṣe é.

Ọ̀dọ̀ Tina wá ni iṣẹ́ wà.

Galveston ni wọ́n bí i sí ní 1954, ìlú erékùṣù kan létí òkun ní Texas. Ìlú yìí náà ni wọ́n ti kéde ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865 pé àwọn ẹrú Texas ti dòmìnira, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Juneteenth títí dòní. Tina ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Bàbá rẹ̀, Lumis, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ìyá rẹ̀, Agnèz Deréon, aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì dára débi pé aṣọ ni ó fi ń san lára owó ilé ìwé àwọn ọmọ: ó ń rán aṣọ fún ìjọ tó ni ilé ìwé náà. Nígbà tí Beyoncé àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Destiny's Child, bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, tí àwọn tó ń ta aṣọ olówó ńlá ò fẹ́ fún wọn láṣọ, Tina ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Orúkọ Agnèz ni wọ́n sì fi sọ ilé iṣẹ́ aṣọ tí ìyá àti ọmọ gbé jáde ní 2006, House of Deréon. Èmi tí ìyá ìyá mi jẹ́ aránṣọ, ibí yìí ni mo ti nífẹ̀ẹ́ ìdílé náà ju orin wọn lọ.

Lumis àti Agnèz kì í ṣe ọmọ Galveston. Gúúsù Louisiana ni wọ́n ti ṣí wá, láti agbègbè New Iberia àti Delcambre, níbi tí omi àti ẹrọ̀fọ̀ ti pọ̀ ju ìyàngbẹ ilẹ̀ lọ. Àbúrò Beyoncé, Solange, padà lọ sí New Iberia láti ṣe púpọ̀ nínú orin àwo rẹ̀ ti 2016, torí ibẹ̀ ni ìtàn ilé ìyá wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ká wá mú orúkọ, nítorí orúkọ ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Ọ̀pọ̀ rò pé Beyoncé jẹ́ orúkọ tí wọ́n hun fún orí ìtàgé. Orúkọ ilé ìyá rẹ̀ ni. Celestine Ann Beyoncé ni wọ́n ń pe Tina kó tó lọ́kọ, nígbà tó sì bí àkọ́bí rẹ̀ ní Houston ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1981, ó mú orúkọ ilé bàbá rẹ̀, ó fi sọ ọmọ.

Àmọ́ ẹni tó bá yẹ orúkọ bàbá Tina wò yóò rí Beyincé. Lẹ́tà i ló jókòó síbi tí o jókòó sí. Nínú gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀, Tina ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin kan péré ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Beyoncé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní gbangba ní 2020. Ó ní nígbà tí òun dàgbà, òun bi ìyá òun léèrè ohun tó fà á tí sípẹ́lì wọn fi yàtọ̀ síra. Ìyá ní ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wọn nìyẹn. Tina ní kí ló dé tí ẹ ò ní kí wọ́n tún un kọ? Ìyá ní òun sọ bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n sì fi dá òun lóhùn ni pé kí òun máa dúpẹ́ pé òun tiẹ̀ rí ìwé ẹ̀rí gbà. Ìgbà kan wà tí wọn kì í fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rárá.

Ẹni tó bá ti dúró níwájú akọ̀wé rí, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣàjèjì sí i. Bàbá kan náà ló bí èmi àti àbúrò mi, síbẹ̀ "Oshin" ni orúkọ tèmi fi bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé, "Osin" ni tirẹ̀, nítorí pé ẹni tó jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ náà ò ráàyè béèrè ibi tí àmì wà. Títí di òní, bí a bá jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, a ní láti ṣàlàyé pé ọmọ ìyá ni wá. Ìyọlẹ́nu lásán ni tiwa. Ti Agnèz jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin náà mọ orúkọ ọkọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe yẹ, wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹni tó bá dúdú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tún akọ̀wé ṣe. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pariwo ní pápá ìṣeré lónìí, àṣìkọ ọjọ́ yẹn ni.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé orúkọ náà dún bíi ti Faransé. Ṣé torí ìyẹn ni ẹni tó ń jẹ́ ẹ fi di ará Faransé? Ẹ bi àwọn ará Èkó. Ẹ dé Pópó Àgùdà, ẹ ó bá Da Silva, ẹ ó bá Pereira, ẹ ó bá Cardoso. Kò sẹ́ni tó ń rò pé Potogí ló bí wọn. João Esan da Rocha, bàbá Candido da Rocha olówó tó ni ilé omi ní òpópónà Kákáwá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Wọ́n mú un lẹ́rú lọ sí Bahia ní kékeré, ó sì padà sí Èkó pẹ̀lú orúkọ Potogí níwájú àti lẹ́yìn, Ẹ̀san tó jẹ́ orúkọ ilé sì wà láàárín. Ọ̀nà tí orúkọ Potogí gbà dé ara ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà náà ni orúkọ Faransé gbà dé ara àwọn ènìyàn dúdú ní Louisiana: nípasẹ̀ ọ̀gá, nípasẹ̀ ìrìbọmi, nígbà mìíràn nípasẹ̀ bàbá.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìran ìyá Beyoncé ni Creole, òun ló sì gba sùúrù jù. Láti ẹnu àwọn Potogí àti àwọn ará Sípéènì ló ti wá, ohun tó túmọ̀ sí lákọ̀ọ́kọ́ ò ju ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ tuntun lọ. Ọmọ òyìnbó tí wọ́n bí sí Louisiana, Creole ni. Ọmọ ẹrú tí wọ́n bí sí Louisiana, Creole lòun náà. Kò tíì kan ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Ohun tó yí i padà ni ìtàn ilẹ̀ náà. Àwọn Faransé tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1699, wọ́n dá New Orleans sílẹ̀ ní 1718, ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni ọkọ̀ ẹrú kọ́kọ́ dé láti Áfíríkà. Ní 1724 wọ́n gbé òfin kan jáde, Code Noir, tó ka ìgbéyàwó láàárín funfun àti dúdú léèwọ̀. Òfin ní rárá, àmọ́ àwọn ọ̀gá ń bí ọmọ fún obìnrin tí wọ́n rà lówó. Lẹ́yìn ọdún 1763, ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ Sípéènì, lábẹ́ òfin wọn ẹrú lè kó owó jọ kó fi ra ara rẹ̀ padà, àwọn tó dòmìnira sì ń pọ̀ sí i. Ní 1803, Faransé tó ti gbà á padà tà á fún Amẹ́ríkà. Ní 1809 sí 1810, àwọn tó lé ní 9,000 tí ogun òmìnira Háítì ti lé dé Kúbà tún wọ New Orleans: òyìnbó, dúdú olómìnira, àti ẹrú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta ọgbọọgba.

Nígbà tí gbogbo èyí pò pọ̀ tán, àwọn ènìyàn kan wà ní Louisiana tí awọ wọn bẹ̀rẹ̀ láti dúdú kírikíri títí dé funfun nini, tí wọ́n ń sọ Faransé tiwọn, tí wọ́n ń fẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń lọ sí ìjọ Àgùdà. (Ẹ kíyè sí i pé Àgùdà kan náà ni a ń pe àwọn ará Bùràsíìlì ní Èkó, a sì ń fi pe ìjọ wọn.) Ọbẹ̀ ilá wọn tó lókìkí, gumbo, ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ní àárín gbùngbùn Áfíríkà ń pe ilá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ènìyàn yìí ni wọ́n ń pè ní Creole aláwọ̀ dúdú, àárín wọn sì ni Lumis àti Agnèz ti jáde. Creole kì í ṣe òbí méjì tó yàtọ̀ sí ara wọn. Odindi ìran ni, bí Sàró ṣe jẹ́ ìran ní Èkó: ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Sàró, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Sàró, Sàró ni, ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé èwo nínú àwọn òbí ẹ ló ti Freetown dé.

Ẹ lè ní, bí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó bá wà lára wọn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní dúdú? Òfin ni. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1892, ọkùnrin Creole kan tó ń ṣe bàtà ní New Orleans, Homer Plessy, ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ jókòó nínú kóòṣì ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Nínú àwọn òbí-òbí-òbí rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní ó jẹ́ dúdú. Ẹni tó bá wò ó lójú ò lè mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn, torí ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Wọ́n mú un. Kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a lẹ́bi ní 1896, ìdájọ́ náà ni wọ́n sì fi ya dúdú àti funfun nípa fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Kódà ní 1970, ìjọba Louisiana ṣe òfin mìíràn pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ara rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú ìdá méjìlélọ́gbọ̀n lọ, dúdú ni. Ọdún 1983 ni wọ́n tó pa á rẹ́, nígbà tí Beyoncé ṣì ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ará Amẹ́ríkà tí awọ rẹ̀ pọ́n tó ń sọ pé dúdú lòun, tó sì ń fi ṣe iyì, ẹ má rò pé ó ń fi nǹkan kan pa mọ́. Ohun tí òfin fi na àwọn baba rẹ̀ ló gbé wọ̀ bí ẹ̀wù.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ọmọ Acadia ni Beyoncé. Èyí náà ní gbòǹgbò. Ìyá Agnèz, ìyẹn ìyá ìyá Tina, ń jẹ́ Odilia Broussard. Ìdílé Broussard ti Louisiana sì so mọ́ Joseph Broussard tí wọ́n ń pè ní Beausoleil, tí wọ́n bí ní 1702 ní Acadia, ilẹ̀ Faransé kan tó wà ní etíkun ìlà-oòrùn Kánádà òde òní. Jagunjagun ni. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ará Acadia kúrò nílẹ̀ wọn ní 1755, tí wọ́n ń kó àwọn ìdílé kan sínú ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó bá wọn jà nínú igbó fún ọdún púpọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1765, ó kó nǹkan bí igba ènìyàn dé New Orleans, kí ọdún náà sì tó parí ó ti kú. Àwọn ọmọ àwọn tó kó wá ni wọ́n di Cajun. Cajun yìí, ahọ́n ló gé Acadien kúrú.

Mo ní kí n dúró níbí díẹ̀, nítorí àwọn kan gbé Beausoleil yìí gẹ̀gẹ̀ jù, bí ẹni pé òun ló bí Beyoncé. Láti 1702 dé 1981 jẹ́ ọdún 279. Bí a bá ka ọgbọ̀n ọdún sí ìran kan, ìran mẹ́sàn-án ló wà láàárín wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: òbí méjì, òbí àgbà mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, 32, 64, 128, 256, 512. Ẹnì kan nínú ààyè 512 ni ọkùnrin náà. Àwọn yòókù ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ló mú mi kọ gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Kí ló dé tí a fi mọ orúkọ ọ̀gágun òyìnbó kan, ọdún tí wọ́n bí i, oṣù tó gúnlẹ̀, tí orúkọ ọ̀pọ̀ àwọn ìyá dúdú inú ìran kan náà sì ṣòro láti rí? Ìwé ló fà á. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1850 àti 1860 ní Amẹ́ríkà, wọn ò kọ orúkọ ẹrú. Orúkọ olówó rẹ̀ ni wọ́n ń kọ, ìlà kan á wá tẹ̀ lé e: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, dúdú tàbí àdàlù. Ìlà tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà. Bí ẹni ń ka ẹran ọ̀sìn. Ọdún 1870, lẹ́yìn tí oko ẹrú ti parí, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí sílẹ̀ ní orúkọ àti orúkọ ìdílé. Gbogbo aláwọ̀ dúdú tó bá ń tọpa ìran rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló mọ ọdún yẹn. Ògiri ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Louisiana ríbi yọjú díẹ̀, torí pé àwọn àlùfáà Àgùdà ń kọ ìrìbọmi ẹrú sílẹ̀, àmọ́ orúkọ mímọ́ kan ṣoṣo ni, Marie tàbí Jean, pẹ̀lú orúkọ olówó. Ẹni tó bá tọ ojú ìlà Faransé lè rìn dé ilẹ̀ Yúróòpù láìkọsẹ̀. Ẹni tó bá tọ ojú ìlà Áfíríkà á forí gbá ìwé tí kò lórúkọ. Bí ìran náà ṣe di "ti Faransé" lẹ́nu àwọn ènìyàn nìyẹn.

Beyoncé fúnra rẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn Vogue ní 2018 pé òun wádìí ìran òun, òun sì rí i pé òun wá láti ọ̀dọ̀ olówó ẹrú kan tó nífẹ̀ẹ́ ẹrú rẹ̀ tó sì fẹ́ ẹ níyàwó. Mo bọ̀wọ̀ fún un pé ó sọ ọ́ síta, torí ó ní ìròyìn náà wúwo lọ́kàn òun. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yẹn ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Òfin ayé ẹrú ní Louisiana kò gba kí funfun fẹ́ dúdú. Kódà ká ní ọkùnrin náà ní àánú, ká ní ó jẹ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, obìnrin tí ó jẹ́ ohun ìní rẹ̀, bó bá fẹ́ sọ pé rárá, ta ni yóò sọ ọ́ fún? Mo rò pé ó yẹ ká fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ níbi tó wà, ká má fi ìfẹ́ bò ó. Tina náà ti gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 2025, ó sì dárúkọ àwọn ìyá-ńlá rẹ̀ tí wọ́n ṣe ẹrú ní Louisiana, ní orúkọ, ní orúkọ. Bí mo bá ní kí ẹnì kan mú àwọn baba òyìnbó tàbí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kà lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ti mọ èyí tí mo máa yàn.

Ní 2012, ìpolówó àtíkè kan ti L'Oréal kọ ọ́ síwájú àwòrán Beyoncé pé ìran aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ìran àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti ìran Faransé ló pàdé lára rẹ̀. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ó fẹ́ sá kúrò nínú dídúdú. Mo rò pé inú tó bí wọn yé mi, nítorí ìpolówó náà ka ìran mẹ́ta bí ẹni ka èlò ọbẹ̀, kò sì sọ bí wọ́n ṣe dé inú ìkòkò kan náà. Láti ìgbà náà, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Nínú "Formation" ní 2016, ó ní Alabama ni bàbá òun, Louisiana ni ìyá òun. Nínú orin tó ṣí àwo rẹ̀, Cowboy Carter, ní 2024, ó dárúkọ Gadsden, ó dárúkọ Galveston, ó dárúkọ Louisiana. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìran rẹ̀, kó fi àwọn ibi mẹ́ta yẹn tọ ọ̀nà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin oníkóòmù. Aṣọ yẹ́lò tó rí kì í ṣe irọ́. Nínú fídíò àwo Lemonade ní 2016, Beyoncé ṣílẹ̀kùn, omi ya jáde, ó sì sọ̀kalẹ̀ nínú aṣọ aláwọ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ Yorùbá, Láolú Sẹ́ńbánjọ, ló kùn àmì funfun sí àwọn oníjó lára nínú àwo náà, ó sì ní iṣẹ́ ọnà Orí ni. Nínú orin "Mood 4 Eva" ní 2019, Beyoncé dárúkọ Ọ̀ṣun mọ́ ara rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Síbẹ̀ ohun tí ènìyàn yàn láti wọ̀ àti ohun tí wọ́n bí i sí, ọ̀tọ̀ ni. Aṣọ ò lè dípò ìwé ìran, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọbìnrin náà.

Ó bínú díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń sọ pé kò sí Yorùbá kankan níbẹ̀ ni?"

Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ẹrú méjì tó kọ́kọ́ dé Louisiana ní 1719, etíkun Ouidah tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí ni wọ́n ti gbéra. Ní 1984, onímọ̀ ìtàn kan, Gwendolyn Midlo Hall, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ìwé kóòtù àtijọ́ ní Pointe Coupée, ní ẹ̀bá odò Mississippi. Ìwé ogún ni, ìwé títà àti rírà. Ó ṣe é fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lọ láti kóòtù dé kóòtù, ó sì kó àkọsílẹ̀ àwọn ẹrú tó lé ní 100,000 jọ. Àwọn Faransé àti Sípéènì ní ìwà kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ ní: wọ́n máa ń bi ẹrú ní ìran tó ti wá, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bambara wà níbẹ̀. Kóńgò wà níbẹ̀. Nàgó, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, wà níbẹ̀ lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Nàgó ni wọ́n kọ sí ibi ìran wọn. Níbi orúkọ, Marie ni, Jean ni, Baptiste ni.